Òjìji Ayùn Lára Ògiri

Lára ògiri ìsọ̀ iléèwé wa ní Búkúrù
mo fi ọ̀dà dúdú ya òjìji irinṣẹ́ kọ̀ọ̀kan:
ayùn mẹ́fà, òòlù mẹ́jọ,
ìfági mẹ́ta tó jókòó bí adìyẹ tó sàba,
ṣísẹ́lì méjìlá lórí ìlà,
láti orí èyí tó fẹ̀ bí àtàǹpàkò àgbẹ̀
dé orí èyí tó tín-ín-rín bí ìka ọmọ jòjòló.
Ohun tó bá kúrò níbẹ̀, òjìji rẹ̀ á ṣẹ́kù,
á máa wò mí.

Ọ̀gbẹ́ni Gyang ló ń kọ́ wọn níṣẹ́.
Èmi kàn ń pín irin láàárọ̀,
mo ń gbà á padà lọ́sàn-án.
Ìyá Kọ́kọ́rọ́ ni wọ́n ń pè mí.

Oṣù Kìíní ni, òtútù ń jẹ ìka bí ìjàlọ.
"Ẹ fọwọ́ rawọ́ kó gbóná ká tó bẹ̀rẹ̀.
Ọwọ́ tí òtútù bá ti pa
kì í mọ ìgbà tí abẹ ń bá a sọ̀rọ̀,
ẹ̀jẹ̀ ni í lọ jíṣẹ́ fún un."
Ládìdì ki etí híjáàbù rẹ̀ bọ inú ẹ̀wù iṣẹ́.
Nanret ká apá súwẹ́tà dé ìgúnpá.
Awò ojú mẹ́rin ló wà fún ọmọ mọ́kàndínlógún:
ẹni tó ń lu òòlù ló ń wọ̀ ọ́,
ẹni tó ń wòran á sún sẹ́yìn.
"Ẹ fi fáìsì di igi mú.
Igi tí ẹ bá fọwọ́ òsì dì mú,
ọwọ́ òsì ni yóò san owó rẹ̀.
Ṣísẹ́lì ní ẹnu, kò ní ojú.
Ẹ̀yin lẹ lójú. Ẹ má dúró níbi tí ẹnu rẹ̀ kọ sí."

Dalop mú ọ̀kan tó ti kú wá bá mi,
ó ń rẹ́rìn-ín: "Mà, èyí ò lè gé mi láéláé."
Èyí gan-an ni yóò gé ọ, ọmọ mi.
Èyí tó mú máa ń gbọ́ràn.
Èyí tó kú, gbogbo ara lo máa fi tì í,
bó bá wá yọ̀, ta ni yóò dá a dúró?
Mo gbà á, mo fún un ní òmíràn.

Aago méjì lù. Mo kà.
Mo tún kà.
Òjìji kẹrin ṣófo.

Mo ti ilẹ̀kùn, mo fi kọ́kọ́rọ́ sápò.
"Mà, kèké ń dúró dè wá!"
"Mà, ebi!"
Ẹnì kan kùn lẹ́yìn pé èmi kọ́ ni ọlọ́pàá.
Lóòótọ́ ni. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà;
irin ni mo mọ̀ ọ́n kà.

A wo abẹ́ tábìlì, a tú báàgì, a tú àpò súwẹ́tà.
Chollom, tó kéré jù, tí ìgbálẹ̀ kàn lọ́jọ́ náà,
ti ya ọwọ́ méjèèjì
láti bu èéfá ọ̀gànwó tó wà ní kọ̀rọ̀,
pupa, rírọ̀, bí irun ọmọ tuntun.

"Dúró!"
N kò mọ ẹni tó pariwo. Bóyá èmi ni.
Gyang mú ìgbálẹ̀, ó ń ṣí i díẹ̀díẹ̀
bí ẹni ń ká aṣọ kúrò lára ẹni tó ń sùn.
Ìkẹrin wà lábẹ́ níbẹ̀,
ó há sáàárín igi méjì, ẹnu rẹ̀ sókè,
mímọ́,
bí ẹyẹ tó ń retí ìyá rẹ̀.

Kò sí ẹni tó dárúkọ kèké mọ́.
Chollom yí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ padà, ó tún yí i,
bí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á fún un.
Gyang kò bi ẹnikẹ́ni ta ló fi í síbẹ̀.
Ojú ọmọ kan ti pọ́n, ìyẹn tó.

Mo gbé e kọ́ padà. Ó bo òjìji rẹ̀ tán.
Lálẹ́, bí mo ti ń rẹ́ àlùbọ́sà nílé,
mo fi ọ̀bẹ sílẹ̀,
mo ka ìka mi: mẹ́wàá.
Mo tún un kà.